Naturally: Àwo Orin Kejì Sharon Jones àti Ẹgbẹ́ Dap-Kings

Naturally ni orúkọ àwo orin kejì tí Sharon Jones àti ẹgbẹ́ olórin Dap-Kings gbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005. Ilé-iṣẹ́ Daptone, tó wà ní Brooklyn ní ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Orin soul ni, ìyẹn irúfẹ́ orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà mú jáde láti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì àti orin blues, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé ní àwọn ọdún 1960.

Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni wọ́n bí Sharon Jones ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ìlú tí James Brown gbé dàgbà. Láti kékeré ló ti ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ àwọn oníṣòwò orin kò gbà á. Ó máa ń ròyìn rẹ̀ pé wọ́n ní òun dúdú jù, òun sanra jù, òun kúrú jù, àti pé òun ti dàgbà jù. Nígbà tí orin kò bọ́ ọ, ó ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rikers Island, ó sì tún ṣe ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ tí ń kó owó.

Ní ọdún 1996, wọ́n ń wá obìnrin mẹ́ta tí yóò gbe orin fún olórin kan tó ń jẹ́ Lee Fields. Sharon Jones nìkan ló kọ ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gabriel Roth, ẹni tí orúkọ rẹ̀ lórí àwo ń jẹ́ Bosco Mann, kò sì jẹ́ kí ó lọ mọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba: ọdún 2002 ni àwo àkọ́kọ́ wọn, Dap Dippin', jáde, nígbà tí obìnrin náà ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún.

Ẹni tó gbọ́ àwo àkọ́kọ́ yẹn lè sọ pé James Brown ni wọ́n ń sín jẹ. Naturally ló fèsì. Bosco Mann ló kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin rẹ̀, Binky Griptite ta gìtá, Homer Steinweiss lu ìlù, Neal Sugarman sì fọn fèrè saxophone. Téèpù ni wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, nínú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ṣe ní àdúgbò Bushwick.

Nínú Stranded in Your Love, Sharon Jones àti Lee Fields ń fèsì fún ara wọn bí ọkùnrin àti obìnrin tó ń tàkurọ̀sọ. Woody Guthrie ló kọ This Land Is Your Land ní ọdún 1940, orin tí àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Ẹgbẹ́ náà yí ìlù àti ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tí ọmọ Gúúsù, tí wọ́n bí nígbà tí òfin ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, bá ń kọrin pé ti gbogbo ènìyàn ni ilẹ̀ náà, orin ọ̀hún di ìbéèrè.

Okùn kan so wọ́n mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Roth wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹgbẹ́ Antibalas ní Brooklyn, tí ń lu afrobeat Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Àwọn olórin kan sì wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ní ọdún 2006, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Dap-Kings lu orin nínú Back to Black, àwo tó sọ Amy Winehouse, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òkìkí Sharon Jones kò tó ti ọmọdébìnrin náà, síbẹ̀ kò dẹ́kun orin kíkọ. Àrùn jẹjẹrẹ kọlù ú ní ọdún 2013, ó sì ń ti orí ìtọ́jú bọ́ sórí ìtàgé. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2016 ló kú, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹni ọdún 48 ni nígbà tí Naturally jáde, ohùn tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù ni ó sì fi kọ gbogbo rẹ̀.