Ìdí Tí Àwọ̀ Dáyámọ́ńdì Fi Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí D

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1905, wọ́n wú òkúta kan jáde ní ibùdó ìwakùsà Premier, nítòsí Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó tíì rí dáyámọ́ńdì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Thomas Cullinan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ni wọ́n fi pè é. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kárátì 3,025¾ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀wé wò lónìí yóò bá kárátì 3,106. Òkúta náà kò tóbi sí i rárá. Kárátì ló yí padà.

Ara kóró èso igi carob, tó ń hù létí Òkun Mẹditaréníà, ni kárátì ti ṣẹ̀. Àwọn oníṣòwò àtijọ́ á kó kóró sí apá kan òṣùwọ̀n, wọ́n á gbé òkúta sí apá kejì, nítorí wọ́n gbà pé bákan náà ni gbogbo kóró náà ṣe wúwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìlú kọ̀ọ̀kan ní kárátì tirẹ̀: ti Lọ́ńdọ̀nù lé díẹ̀ ní mílígíráàmù 205, ti Florence kò tó 200. Ẹni tó ra ọjà ní Florence, tó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, iye kárátì rẹ̀ á ti dín kó tó la ẹnu dá iye lé e. Ní 1907, àpérò àgbáyé kan ní Paris fọwọ́ sí i pé mílígíráàmù 200 géérégé ni kárátì kan. Amẹ́ríkà gbà á ní 1913, Gẹ̀ẹ́sì ní 1914.

Ìwọ̀n ṣì rọrùn o. Àwọ̀ ló ta kókó. Orúkọ ibi tí òkúta ti ń wá ni àwọn oníṣòwò fi ń pe àwọ̀ rẹ̀: "River" fún èyí tó mọ́ gaara, "Wesselton", orúkọ ibùdó ìwakùsà kan ní Kimberley, fún èyí tó tẹ̀ lé e, "Cape" fún èyí tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn mìíràn ń lo lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá pe tirẹ̀ ní A, ẹlòmíì á pe tirẹ̀ ní AA. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà nìkan ni oníbàárà ní.

Robert Shipley, tóun náà ti ta ohun ọ̀ṣọ́ rí, dá Gemological Institute of America (GIA) sílẹ̀ ní 1931. Richard Liddicoat, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ló gbé ètò lẹ́tà tuntun jáde ní 1953. Ó fo A, B àti C, kí ẹnikẹ́ni má bàa kó o pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. D kò ní àwọ̀ kankan. Bó ṣe ń lọ sí Z ni ó ń pọ́n sí i. Ẹni tó ń yẹ òkúta wò kì í wo ojú rẹ̀, nítorí dídán máa ń bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ohun funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkúta àfiwé tí wọ́n ti mọ lẹ́tà wọn, á sì máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Àbùkù inú rẹ̀ ńkọ́? Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́nà mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wá a. Ní 1955, ìwé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ti GIA jáde.

Gígé ló pẹ́ jù kó tó ní ìpele tirẹ̀. Marcel Tolkowsky, ọmọ ìdílé tó ń gé dáyámọ́ńdì ní Antwerp, ti fi ìṣirò hàn ní 1919 bó ṣe yẹ kí igun òkúta rí, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ lè padà sójú ẹni tó ń wò ó. Síbẹ̀, àwọn tó ń gé e ṣì ń fi ẹwà ra ìwọ̀n: wọ́n á jẹ́ kí ìdí òkúta sanra kí kárátì má bàa dín, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ìdí sá lọ. Ọdún 2006 ni GIA tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpele gígé, márùn-ún lápapọ̀, sínú ìwé àyẹ̀wò dáyámọ́ńdì olóbìrípo.