Kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ dé òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ gbọ́ ìtàn yìí 🧵

1/ Ní Ìkòtún lónìí, tó o bá ní o fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, màrúwá ni wọ́n á dá dúró fún ẹ. Láyé àwọn bàbá bàbá wa, kẹ̀kẹ́ ológeere ni: táyà méjì, ṣéènì kan, àti itan tó lágbára. Ẹ jókòó ná, ìtàn wà ńbẹ̀.

2/ Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́: àwa kan ní Alímọ̀ṣọ́ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìgàndò dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, láàárín àwọn òkè Èkìtì. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń sọ pé "ìwà òyìnbó nìyẹn". Irọ́ ni o.

3/ Lóòótọ́, òyìnbó ló ṣe kẹ̀kẹ́. Karl Drais, ará Jámánì, ṣe baba ńlá ẹ̀ ní 1817, kò tiẹ̀ ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀. Ní 1885, Starley ṣe Rover ní Coventry, tí ṣéènì ń yí táyà ẹ̀yìn. Ní 1888, Dunlop fi afẹ́fẹ́ sí táyà ní Belfast. Àmọ́ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

4/ Nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, Raleigh dúdú láti Nottingham ni àgbẹ̀, tíṣà àti akọ̀wé ń lé. Ẹni tó bá ra tiẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ra Benz lónìí. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

5/ Ibi tó dùn jù rèé: àwọn òṣómàáló. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, Ìjẹ̀ṣà lọ́pọ̀. Wọ́n á gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á padà wá gbowó díẹ̀díẹ̀. Tí onígbèsè bá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á kọ̀. Òṣó ni wọ́n máa ló títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ lorúkọ wọn ti wá.

6/ Lórí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ru aṣọ náà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, ẹrù bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dáadáa: òkè lẹ́yìn òkè. Ẹrù aṣọ, ọ̀nà eléruku, kò sí Google Maps. Ohun tí wọ́n ń pè ní "bike touring" báyìí, iṣẹ́ oòjọ́ àwọn yẹn ni.

7/ Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn, jíà kan ṣoṣo ló ní. Tí òkè bá ga jù, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá máa tì í. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ló léwu: irin gígùn ló ń fa bíréèkì, ríìmù sì jẹ́ irin dídán. Tí òjò bá pa á, bíréèkì ò ní mú dáadáa. Ẹni tó gbọ́n kì í gun irú ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lójò.

8/ Ẹ tún gbọ́ ti Ọlábísí Àjàlá. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Amẹ́ríkà. Ó wọ aṣọ ilẹ̀ wa, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles: bí 2,280 máìlì, ní bí 28 ọjọ́. Ó fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ pé Áfíríkà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rò.

9/ Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ó lé ní 80 máìlì lójúmọ́, ìyẹn bí Èkó sí Ìbàdàn, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Àwọn òkè ńlá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà sì wà lójú ọ̀nà. Vespa tó fi yí ayé ká lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé mọ̀, tí Ebenezer Obey fi dárúkọ ẹ̀ nínú orin. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gùn o.

10/ Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970. Mọ́tò pọ̀, alùpùpù gba ọ̀nà oko, ológeere di àmì òṣì. Wọ́n ka 1,277,714 èèyàn ní Alímọ̀ṣọ́ ní 2006, àmọ́ mélòó nínú títì wa ló fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́?

11/ Ètò wa rèé.
Ọjọ́ 1: Ìgàndò, Ẹ̀gbẹ́dá, Abúlé Ẹ̀gbá, Sàngó, Ìfọ́, Abẹ́òkúta. Àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.
Ọjọ́ 2: Ìbàdàn.
Ọjọ́ 3: Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ 4: Iléṣà nìkan, bí 30 kìlómítà. Ká sinmi, torí ọjọ́ 5 ni Ẹ̀fọ̀n, òkè gidi.

12/ A kọ́ ọ lára àwọn òṣómàáló: ẹ̀ẹ̀rùn la máa lọ, àfẹ̀mọ́júmọ́ la máa gbéra, ẹrù ò ní pọ̀, a sì máa ti kẹ̀kẹ́ níbi tó bá le. Túùbù méjì, páǹpù, omi. Èyí tó jẹ́ tiwa lóde òní: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá rìn, kò sí ìrìn alẹ́, a ó sì bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà léèrè láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní ọ̀nà ò dáa, a ò lọ. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

13/ Ohun kan ń dùn mí. Àwọn tó gun òkè wọ̀nyẹn pẹ̀lú ẹrù ń tán lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní bàbá àgbà nílé, ẹ bi wọ́n lónìí: "Bàbá, ẹ̀yin náà gun kẹ̀kẹ́ rí? Ibo lẹ gùn ún dé? Òkè wo ló le jù?" Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹ kọ èsì wọn sísàlẹ̀ yìí. Òkè tí wọ́n bá dárúkọ, a máa fi kún ètò wa.