Láti Ẹwìrì dé Jíà Oníná: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Ògùn

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fà yọ ni ìtàn iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ní Òkè-Ògùn, láti ìgbà jíà onírin títí di ìgbà jíà oníná tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Èrò wa ni pé jíà tuntun yìí kò já okùn ìmọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi lélẹ̀. Ohun tí ó lè já okùn náà ni kí kọ́kọ́rọ́ ìmọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ nìkan.

Kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ tí rélùwéè kò dé
Rélùwéè tí ó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Kò yà sí Ìṣẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò yà sí Ṣakí. Ní àgbègbè tí oko àti ìlú jìnnà síra báyìí, kẹ̀kẹ́ wúlò púpọ̀ fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Irin sì ni kẹ̀kẹ́. Ọgbọ́n pé kí a na irin tí ó wọ́, kí a jó èyí tí ó dá pọ̀, kí a sì gbẹ́ ohun tí ó sọnù, ti wà nílẹ̀ ní ilé arọ kí kẹ̀kẹ́ tó dé.

Ní 1902 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer sílẹ̀ ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Raleigh. Jíà oníyàrá mẹ́ta ni ó mú un lókìkí, èyí tí a pa mọ́ sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ń fa jíà náà. Bí wáyà bá dẹ̀, jíà yóò máa yọ̀. Bí atúnkẹ̀kẹ́ṣe bá fún un, ó parí. Ojú ni a fi ń rí àrùn rẹ̀, ọwọ́ ni a sì fi ń wò ó sàn.

Nígbà tí alùpùpù gbòde, ìlànà kan náà ni. Okada Air, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára alùpùpù akérò. Ọmọọṣẹ́ ń fi etí gbọ́ bí jíà ṣe ń dún, ó sì ń fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń dùn ún.

Jíà oníná àti àtúnṣe rẹ̀
Ní 1921 ni Shozaburo Shimano dá ilé-iṣẹ́ irin rẹ̀ sílẹ̀ ní Sakai, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ní Japan. Láti ibẹ̀ ni jíà oníná Di2 ti jáde ní 2009. Ẹ ò rí i pé inú ilé arọ ni jíà oníná náà ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ yóò tẹ bọ́tìnnì, àṣẹ yóò gba inú wáyà lọ, mọ́tò kékeré kan yóò sì ti ṣéènì sí ipò tuntun.

Bí irú jíà bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó yẹ kí a tẹ̀ lé. Èkínní, kí a wò ó bóyá iná wà nínú bátìrì. Èkejì, kí a yẹ wáyà àti ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ wò, nítorí omi àti eruku a máa bà wọ́n jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a wo irin pẹlẹbẹ tí jíà ẹ̀yìn so mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, irin yìí a máa wọ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà tí ó lè nà án. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bákan náà, ọ̀pọ̀ jíà Di2 a máa yọ ara wọn kúrò lọ́wọ́ mọ́tò nígbà tí nǹkan bá gbá wọn, kí mọ́tò má baà bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé títẹ bọ́tìnnì àtúntò fún ìgbà díẹ̀, kí a sì yí pẹ́dàlì, ni yóò dá a padà sípò.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣòro wà: ètò orí kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ti olùṣe. Ibí yìí ni ojú kò ti rí àrùn mọ́. Bí atúnkẹ̀kẹ́ṣe kò bá ní in, ó lè jẹ́ pé odidi ẹ̀yà ni oníkẹ̀kẹ́ yóò rà, àní bí ó bá jẹ́ pé ohun kékeré ni ó yẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá
Irú jíà yìí kò tíì wọ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Spiro lónìí bẹ̀rẹ̀ sí lo alùpùpù oníbátìrì ní Benin àti Tógò. Ilẹ̀ Benin sì ni ó bá àgbègbè Ṣakí pààlà. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe ní 2024, ọ̀rọ̀ bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná sì wà nínú rẹ̀. Àwọn náà ti rí i pé ẹni tí kò lè tún ohun ìní rẹ̀ ṣe, àyálò ni ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ìtàn fi hàn pé ìmọ̀ irin ni ó bí ìmọ̀ kẹ̀kẹ́, tí ìmọ̀ kẹ̀kẹ́ sì la ọ̀nà fún ìmọ̀ alùpùpù. Kí ìran yìí má baà dáwọ́ dúró, ó yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, kí ó gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà. Ọ̀gá tí ó mọ irin nà àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà lò nílò ara wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.