Spelman: Ilé-ẹ̀kọ́ Tó Bẹ̀rẹ̀ Lábẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ọdún 1881, obìnrin mẹ́wàá àti ọmọdébìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Friendship Baptist ní ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, ní Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣe ẹrú rí. Kò tíì ju ọdún 16 lọ tí òfin dá àwọn ẹrú ilẹ̀ náà sílẹ̀, ohun tí àwọn obìnrin yìí sì ń wá kò pọ̀: kí àwọn náà lè ṣí Bíbélì kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì mọ ìwé kọ. Yàrá náà ṣókùnkùn, ó tutù, omi sì ń jò wọlé bí òjò bá rọ̀. Nígbà tí èrò pọ̀ sí i, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ń kó èédú sí ni wọ́n sọ di kíláàsì.

Àwọn olùkọ́ náà kò ju méjì lọ, Sophia Packard àti Harriet Giles, òyìnbó obìnrin láti Massachusetts. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Medford dá fún wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ìtàn ń pè ní olùdásílẹ̀, mi ò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé orúkọ kẹta yẹ kó tẹ̀ lé tiwọn: Frank Quarles, aláwọ̀ dúdú, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lò. Òun ló yọ̀ǹda yàrá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ló gbéra lọ sí Àríwá lọ wá owó fún iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ló kú sí, kò padà wálé mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Packard àti Giles lọ sọ tẹnu wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Cleveland. John D. Rockefeller, tí epo rọ̀bì sọ di olówó, wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Ó kó gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀ sínú igbá ọrẹ, ó sì ṣèlérí 250 dọ́là sí i. Ó tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n á dúró ti iṣẹ́ náà tàbí wọ́n á jáwọ́ níbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá máa dúró, òun náà ò ní lọ.

Nínú oṣù Kejì 1883, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Éékà mẹ́sàn-án ni ilẹ̀ tuntun náà, ilé onígi márùn-ún tí àwọn sójà ìjọba ti gbé lẹ́yìn ogun abẹ́lé ló sì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ dára, àmọ́ gbèsè wà lọ́rùn wọn. Bí wọn ò bá rí i san, èrò àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi ni pé kí wọ́n da ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin pọ̀ mọ́ ti àwọn ọkùnrin, èyí tó di Morehouse lónìí. Oṣù Kẹrin 1884, tí wọ́n ń ṣe àyájọ́ ọdún kẹta, ni Rockefeller dé pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, tí ó sì san gbèsè náà. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ yí padà di Spelman, orúkọ ìdílé ìyàwó rẹ̀, Laura. Àwọn òbí Laura kórìíra òwò ẹrú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé wọn ní Ohio fi di ibi tí àwọn ẹrú tó ń sá lọ ń fara pa mọ́ sí. Orúkọ rere ni. Síbẹ̀, nílẹ̀ wa náà, bí ẹnì kan bá dá owó kọ́ gbọ̀ngàn fún ìlú, orúkọ rẹ̀ ló máa wà níwájú ilé. Ẹ ò ní rí orúkọ ẹni tó ru omi àti yanrìn.

Ọwọ́ afúnni ní í lékè, èyí sì hàn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ní 1902 Rockefeller dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹ̀kọ́, General Education Board, tí owó rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn olówó ìgbà náà gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kí aláwọ̀ dúdú kọ́ ṣáájú ìwé, kí ara má baà ta àwọn òyìnbó gúúsù. Ní Spelman náà, ìdáná, aṣọ rírán àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Ó di 1901 kí obìnrin méjì àkọ́kọ́ tó gba oyè dìgírì níbẹ̀, ó sì di 1924 kí orúkọ rẹ̀ tó di Kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀gá tuntun ní 1927, ilé iṣẹ́ Rockefeller Foundation ni Florence Read ti wá. Òyìnbó ni, ó mọwó wá, ó sì ṣe ọ̀gá fún ọdún 26. N kò ní bú u. Ó sọ owó ìpamọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì di ńlá. Àmọ́ ọdún 1953 ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ di ọ̀gá níbẹ̀, Albert Manley, ọkùnrin sì ni. Ní oṣù Kẹrin 1976, tí ìgbìmọ̀ tún fẹ́ yan ọkùnrin mìíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìgbìmọ̀ náà sínú yàrá ìpàdé fún ohun tó lé lọ́jọ́ kan gbáko. Ọkùnrin náà ló ṣì wọlé. Ọdún 11 kọjá kí Johnnetta Cole tó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà, ní 1987. Láti yàrá èédú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún 106.

Ìgbà tí Cole gorí àga ni Bill Cosby, gbajúmọ̀ apanilẹ́rìn-ín, àti ìyàwó rẹ̀ Camille kéde mílíọ̀nù 20 dọ́là fún Spelman. Ní 2015, tí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ ń ya lu Cosby, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dá ohun tó kù nínú owó kan tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá padà. Owó tí MacKenzie Scott, obìnrin olówó kan, fi ránṣẹ́ ní 2020, mílíọ̀nù 20 dọ́là náà, kò ní ìlànà kankan lára: ohun tó bá wu kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kó fi ṣe. Oṣù Kìíní 2024 ni èyí tó tóbi jù dé, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là láti ọwọ́ Ronda Stryker àti ọkọ rẹ̀. Mílíọ̀nù 75 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nínú èyí tó kù ni wọ́n ní àwọn á ti tún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ṣe.