Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Kò Tíì Mọ̀ ọ́n Sọ

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa á ti wo bí orí ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kò jókòó lásán. Ohun tí a kò sọ, òun ló ń fi kún un. Adùn ìtàn ń bẹ nínú iṣẹ́ tí olùgbọ́ ń ṣe yìí, ibẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà ti ń kọsẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún wá.

Ní 1976, James Meehan ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ TALE-SPIN, tó ń pa àlọ́ ẹranko. Nínú ọ̀kan lára àwọn àlọ́ náà, òùngbẹ ń gbẹ èèrà kan, ó lọ sétí odò níbi tí ẹyẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà. Èèrà yọ̀, ó já sómi, kò lè kígbe, ó sì kú. Ẹyẹ jókòó sí tirẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ náà kò burú o. Kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹni tó wà nítòsí yóò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀; àfi bí èèrà bá fẹnu ara rẹ̀ wí i. Meehan ní láti padà lọ kọ ọ́ sínú ètò náà. Ọmọ kékeré kan ní Akanran, abúlé kan ní ẹ̀bá Ìbàdàn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e.

Láti ìgbà náà làwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń yá ìmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá. Ní 1982, William Brewer àti Edward Lichtenstein ṣàlàyé pé bí a ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́nu ló ń pinnu bóyá àyà olùgbọ́ á máa já, bóyá ẹnu á yà á, tàbí bóyá á fẹ́ tọpinpin. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn Akanran gan-an wò ó. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Akanran di ibùdó ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà, tí à ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà, Tàfá Adéoyè sì ṣe aṣáájú. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tò ó yìí kò lè dá èrò ọjà dúró. Bí onítàn bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Agodi tó ṣí gbayawu, tí kò tíì sọ ẹni tó ṣí i, a ó fẹ́ mọ ìdí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ilé àgbẹ̀ kan, tí agbowó-orí ń bọ̀ lọ́nà, tí kòkó ṣì wà ní sísá, ọkàn wa kò ní balẹ̀. Bó bá sì bo ohun pàtàkì kan mọ́lẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ìtàn parí, ẹnu á yà wá. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, olùgbọ́ kan náà ni.

Richard Gerrig àti Allan Bernardo tún wádìí ohun tó ń já àyà olùgbọ́ ní 1994. Wọ́n ní olùgbọ́ máa ń bá ẹni inú ìtàn wá ọ̀nà àbáyọ, bí ọ̀nà bá sì ṣe ń dí sí i ni ìpayà ń pọ̀ sí i. Nínú ọ̀kan lára ìdánwò wọn, wọ́n mẹ́nu kan gègé ìkọ̀wé kan lára amí James Bond tí ọ̀tá mú, lẹ́yìn náà ni ọ̀tá gba gègé ọ̀hún. Àyà àwọn tó kà á báyìí já ju tàwọn tí kò gbọ́ nípa gègé rárá lọ. Ìrètí tí a fi hàn, tí a sì gbà padà, ló ṣe é. Lórí irú ìmọ̀ yìí ni Yun-Gyung Cheong àti R. Michael Young kọ́ ètò kan tí wọ́n pè ní Suspenser: ó ń ṣa èyí tó yẹ ká sọ nínú ìtàn, kí ó lè dà bíi pé ọ̀nà àbáyọ ti tán. MEXICA tí Rafael Pérez y Pérez ṣe ní 1999 náà ń wo bí wàhálà inú ìtàn ṣe ń lọ sókè sódò bó ṣe ń hun ún lọ.

Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní mọ ọ̀rọ̀ sọ ju TALE-SPIN lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ohun tí mo rí nínú ìtàn wọn ni pé odindi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ní ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, wọ́n á sọ ìdí, wọ́n á tún fi ẹ̀kọ́ dé e lórí. Iṣẹ́ olùgbọ́ tán síbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti orí tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí. Frederic Bartlett ní Cambridge kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1932 pé òun fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kà. Nígbà tí wọ́n ń tún un sọ, ohun tó ṣàjèjì sí wọn ń pòórá, tiwọn ń rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìjàpá. Nínú àlọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, ẹranko tó fi sùúrù borí ehoro ni. Lọ́dọ̀ wa, bí apàlọ́ bá ti yanu pé “Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo”, ọmọdé ti ń retí ẹ̀tàn, ó ti ń ṣọ́ ibi tí ọwọ́ á ti tẹ Ìjàpá. Kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ lè to Yorùbá tó já geere, kó sì máa bá ọmọ ilẹ̀ míì sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí àwọn onímọ̀ wa ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ṣe irú ìdánwò Gerrig pẹ̀lú olùgbọ́ Yorùbá, nídìí àlọ́, níbi tí orin ti máa ń dá ìtàn dúró lójú ewu. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìtàn Agbẹ́kọ̀yà sílẹ̀ ní Akanran, kó gba ohùn àwọn tó ń gbọ́ pẹ̀lú: ibi tí wọ́n ti ṣe hàáà, ibi tí wọ́n ti já lu onítàn, ìbéèrè tí wọ́n bi í. Kó má fi falẹ̀, nítorí ẹni tó jẹ́ géńdé ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí.