Hítà Inú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ní Ìwó

Ẹni tí ó bá dúró ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Ìwó fún wákàtí kan péré, tí ó ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ tí wọ́n ti gé páìpù hítà rẹ̀. Wọn a fi rọ́bà kúkúrú kan so ẹnu méjèèjì pọ̀, wọn a fi wáyà dì í, ó parí. Bí ó bá béèrè ìdí, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín: kí ni a fẹ́ fi hítà ṣe ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń bó ènìyàn láwọ? Ìdáhùn yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ìtàn wà nídìí rọ́bà kúkúrú yẹn. Mo mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé àbúrò bàbá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìwó láti ìgbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991.

Ilẹ̀ òtútù ni hítà ti wá. Níbẹ̀, omi a máa di yìnyín, bí omi bá sì di yìnyín, a máa wú. Omi tó wú nínú ẹ́ńjìnnì lè la irin. Àwọn tó ra Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1908, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn a máa tú omi rédíétọ̀ rẹ̀ dànù lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ bá a. Lẹ́yìn náà ni lílo oògùn olómi tí wọ́n ń pò mọ́ omi kí ó má baà dì wá gbilẹ̀. Ní ti àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀, aṣọ wíwúwo ni wọ́n fi ń gbà á mọ́ra títí hítà fi dé. Ní 1938, ilé iṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde tí ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tí ó ń mú un gbóná, tí ó sì ń fẹ́ ẹ sínú ọkọ̀. Ti òde òní kò jìnnà sí i. Omi gbígbóná tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ni ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù a sì fẹ́ ooru rẹ̀ síni lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi rédíétọ̀ kékeré yẹn sọ́kàn.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó. Peugeot 504 di ọkọ̀ ọ̀gá àti ọkọ̀ èrò. Volkswagen ẹlẹ́yìn ṣùgùdù ni àwa Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Ìjàpá kò mu omi rárá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, ooru tí àwọn Jámánì sì ń lò fún hítà rẹ̀, ara sálẹ́ńsà ni wọ́n ti ń fà á wá. Bí ọ̀nà ooru yẹn bá ti dípẹtà, èéfín olóró lè bá a wọ inú ọkọ̀. Èyí ni Bàbá Kékeré fi ń dí tirẹ̀ pa.

Ọyẹ́ Ìwó kò lè sọ omi di yìnyín, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń dá ọkọ̀ arúgbó lóró. Láàárọ̀ oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, bátìrì tó ti gbó kò ní lágbára mọ́, epo inú kàbúrétọ̀ kò ní í tètè di èéfín tó lè gbiná, eruku yóò ti kún asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ óò rí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń ti Datsun kan gba ojú ọ̀nà, awakọ̀ yóò fa ṣókì, yóò máa pariwo pé kí wọ́n tún un tì. Bàbá Kékeré kì í tì í. Yóò tú plọ́ọ̀gì, yóò nù ún, yóò fi bébà iyanrìn ha ẹnu rẹ̀, yóò gbọn asẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́ táyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tó.

Lẹ́yìn náà ni ètò SAP dé ní 1986. Ní 1985, owó dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tó fi di 1987, nǹkan bíi náírà 4 ni. Ọkọ̀ tuntun wọ́n kọjá agbára tíṣà àti oníṣòwò. Bí ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù ṣe gba ojúde wa nìyẹn, tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Kùtọnu, tí wọ́n ń wà á gba Sèmè wọlé. Orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun ni a sọ wọ́n: Tòkunbọ̀. N kò mọ ẹ̀yà mìíràn tó lè sọ irin lórúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì bá a mu.

Òtútù sì tẹ̀ lé wọn wá. Bàbá Kékeré lè wo abẹ́ ọkọ̀ kí ó sọ pé ilẹ̀ yìnyín ni ó ti wá, nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lọ́hùn-ún kí yìnyín lè yọ́ ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró ṣì máa ń wà nínú rédíétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa tú u dànù, wọ́n bu omi kànga sí i. Wọn kò mọ̀ pé oògùn kan náà ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ìpẹtà àti ẹrẹ̀ dí rédíétọ̀ kékeré abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó jò sí ẹsẹ̀ èrò iwájú, wọ́n gé e. Tẹmọsítààtì, tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, kú sójú kan, ẹ́ńjìnnì hó, wọ́n yọ ọ́ sọnù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n n kò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí yóò ra ojúlówó tẹmọsítààtì nígbà náà lè ní láti dé Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, oníbàárà sì ti jókòó tì ọ́, ó fẹ́ lọ sí ọjà.

Bàbá Kékeré kò jẹ́ gé hítà ọkọ̀ tó bá ń rìn jìnnà. Mo wà nínú Peugeot 505 kan lọ́sàn-án gangan nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a ń ti Ìbàdàn bọ̀, a ti kọjá Lálúpọn. Abẹ́rẹ́ ooru gòkè. Awakọ̀ tí Bàbá Kékeré ti kọ́ wí pé kí gbogbo wa ṣí fèrèsé, ó sì tan hítà dé òpin. Ìyá kan lẹ́yìn pariwo pé, “Ṣé orí ẹ pé, bọ̀dá?” Òógùn bò wá bí ẹni wẹ̀. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré yẹn ń gba lára ooru ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ibi tí a ti lè dúró, tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí a rí omi bù sí i. Tópù gásíkẹ́ẹ̀tì kò jó. Bí ó bá jó, ọkọ̀ náà ni onílé ń jẹ lára rẹ̀.

Àwọn oníbàárà kan sá fún un nítorí pé ẹni tó ń gé e kì í gba owó púpọ̀. Ó dùn ún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń wọlé lẹ́yìn náà ní kọ̀ǹpútà nínú. Bí kò bá sí tẹmọsítààtì, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó, kọ̀ǹpútà á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, yóò máa da epo kún epo. Nígbà tí epo pọ́ọ́kú, kò sí ẹni tó kà á sí. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní nǹkan tí kò tó náírà 200 tó sì kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ń mu epo wọn.

Wọ́n ti ń padà wá. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀kan wá nítorí pé gíláàsì iwájú rẹ̀ ń ṣú lálẹ́, tí aṣọ ìnujú kò sì ràn án mọ́. Ó fẹ́ kí hítà máa fẹ́ ooru sí i. Bàbá Kékeré tú rọ́bà kúkúrú náà, ó fọ rédíétọ̀ kékeré tó ti dí, ó dá a padà. Lọ́sẹ̀ kejì ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn pé kí ó ra tẹmọsítààtì mẹ́fà wá. Nígbà tí mo délé ní Jímọ̀, ó ku méjì.