Wíwọn Iná Mànàmáná

Wíwọn iná mànàmáná ni ọ̀nà tí a ń gbà mọ bí agbára ẹ̀rọ amúnáwá ṣe tó, iye iná tó pèsè àti iye tí oníbàárà lò. Wáàtì ń sọ bí agbára iná ṣe tó lásìkò kan; ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni kílówáàtì, mílíọ̀nù rẹ̀ ni mẹ́gáwáàtì. Kílówáàtì-wákàtí, tí a mọ̀ sí yúnìtì, ni ìwọ̀n àpapọ̀ iná tí mítà ń kà. Bí fírísà ẹlẹ́ja ní Ọjà Ńlá Warri bá ń fa 200 wáàtì láìdáwọ́ dúró fún wákàtí 10, yúnìtì 2 ló jẹ.

Ìpèsè. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ughelli, tí kò jìnnà sí Warri, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966. Agbára tí a kọ́ ọ fún jẹ́ mẹ́gáwáàtì 972. Bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò pèsè mẹ́gáwáàtì-wákàtí 23,328 lójúmọ́. Bí ó bá pèsè 11,664, ìdajì agbára rẹ̀ la lò. Àìtó gáàsì àti àtúnṣe ẹ̀rọ máa ń fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ìrìnàjò iná. Iná ń gba orí wáyà kílófóòtì (ẹgbẹ̀rún fóòtì, ìwọ̀n ipá tó ń ti iná) 330 àti 132, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí 33 àti 11, kí tíránsífọ́mà tó sọ ọ́ di fóòtì 230 fún ṣọ́ọ̀bù. Ilé-iṣẹ́ apínná BEDC ló ń pín in ní Delta, Edo, Èkìtì àti Oǹdó. Mítà ń kà á níbi tó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn; ìyàtọ̀ àárín iye tó wọlé àti iye tó jáde ni òfò ojú ọ̀nà.